Lẹ́tà sí Fọlákẹ́ Lórí Ilé Tí Tanímọ̀la Yóò Gbé

Arówómọlẹ̀,
Ògbómọ̀ṣọ́.
9 Oṣù Bélú, 2024.

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ọ̀rọ̀ Tanímọ̀la, ajá mi, ni mo tún gbé dé. Bí o bá ti rí bí lẹ́tà yìí ṣe gùn tó, ìwọ náà yóò ti mọ̀ pé nǹkan kò rọgbọ. Ìyá onílé pè mí jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé kí oṣù yìí tó parí, kí n wá ibòmíràn tí ajá náà yóò gbé. Wọn kò pariwo, wọn kò sì bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi, nítorí ǹ bá rí ohun tí n ó fi gba ara mi sílẹ̀. Ẹjọ́ wọn kò lẹ́bi nínú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú rẹ̀, Tanímọ̀la já okùn nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé. Ìyá onílé ti sá gbodo sórí ẹní ní àárín àgbàlá, nítorí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, oòrùn sì ti ń mú dáadáa. Ajá náà rí ọmọ ọmọ wọn kékeré tí ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó sáré sí i láti bá a ṣeré, ó gba orí gbodo lọ, ó gba orí rẹ̀ bọ̀, ó sì fi àyà ti ọmọ náà ṣubú. Ètè ọmọ náà ṣẹ̀jẹ̀. Eyín ajá kò kàn án rárá, ìyá ọmọ náà wà níbẹ̀, ó sì jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n kí n tó dé ilé, ọ̀rọ̀ ti di pé ajá bu ọmọ jẹ ní ojúlé wa.

Mo sáré mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ jáde. Oṣù Agẹmọ ni dókítà ẹranko gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ó sì di oṣù Agẹmọ ọdún tí ń bọ̀ kí ó tó gba òmíràn. Mo ṣàlàyé fún gbogbo ará ilé pé itọ́ ajá tí àrùn náà bá ń ṣe ni ó ń gbé e wọ ara ènìyàn, àti pé ẹnikẹ́ni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, nítorí bí àmì àrùn náà bá ti hàn, ẹni tí ó ń là á já ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò tán lójú wọn. N kò lè bá wọn wí. Ìwọ náà kò lè gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò yín nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹrin.

Fọlákẹ́, ajá yìí kì í ṣe ajá burúkú. O rántí bí ó ṣe rí nínú àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ ní oṣù Òkúdu. Nígbà tí mo gbé e kúrò nínú gọ́tà lẹ́bàá Tákíè lẹ́yìn òjò, okùn ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ti wọ inú ẹran, ìdin sì ti wà níbẹ̀. Eegun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Eyín rẹ̀ ni dókítà wò tí ó fi sọ pé kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ó sì ti ń lọ sí oṣù mẹ́jọ báyìí. Àpá okùn náà ṣì yí ọrùn rẹ̀ ká, irun kò hù níbẹ̀ mọ́. Bí mo bá fẹ́ fi bẹ́líìtì sí i lọ́rùn, yóò di ojú rẹ̀ pinpin, yóò sì dúró jẹ́ẹ́ títí n ó fi ṣe tán, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun mìíràn láyé tí ajá náà lè dúró jẹ́ẹ́ fún.

Agbára inú rẹ̀ ni ó ju àgbàlá wa lọ. Dókítà ní bí ọ̀pọ̀ ajá ṣe ń rí nìyẹn láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà títí wọn yóò fi lé ní ọdún kan: wọ́n ti kúrò lọ́mọ ọwọ́, ọgbọ́n àgbà kò sì tíì dé. Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń mú un lọ sí pápá ilé-ìwé wa. Bí ó bá sáré títí tí ahọ́n rẹ̀ fi yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, yóò sùn di ọ̀sán. Ọjọ́ tí n kò bá ráyè mú un jáde, bàtà ni yóò jẹ, ìgbálẹ̀ ni yóò jẹ, ìdí ilẹ̀kùn pàápàá kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti kọ́ ọ láti jókòó, ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó fi mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ti gbọ́ ìró àwo tánganran rẹ̀, yóò ti jókòó kí n tó sọ̀rọ̀, ìrù rẹ̀ yóò sì máa gbá eruku ilẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Iṣẹ́ ni ajá náà ń wá, kò sì sí iṣẹ́ fún un níbí.

Kí n má baà gbàgbé: Ìyá Ìbejì ti kó lọ sí Ìlọrin, wọ́n ti fi páànù tuntun kan ṣọ́ọ̀ṣì wa, àbúrò mi ti rí iṣẹ́ sí Ọ̀yọ́, ara bàbá mi sì ti ń le díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wá sí ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní kí n kí ọ.

Àwọn ènìyàn ti wá wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọ̀gbẹ́ni kan tí ó kọ́ ilé ńlá sí ọ̀nà Ìlọrin. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èmi àti ajá lọ, inú mi sì dùn nígbà tí mo rí bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó. Ó wá mú mi lọ sí ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ láti fi ibi tí ajá yóò máa gbé hàn mí. Wọ́n ti kan ìṣó ńlá mọ́ ògiri níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì ń rọ̀ lára rẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Ajá tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti rìn lọ, rìn bọ̀, ní ibi tí ẹ̀wọ̀n náà gùn dé, títí tí ilẹ̀ fi jẹ bí ojú ọ̀nà tí ó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ láti ògiri dé ògiri. Ó jìn tó ìka mẹ́ta. Koríko kan kò hù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ koríko tútù yọ̀yọ̀ ni ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ní ibi tí ẹ̀wọ̀n kò dé. Mo béèrè ajá náà, ó ní ó ti kú. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé wọn yóò máa fi ata sí oúnjẹ Tanímọ̀la kí ó lè rorò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní a ó máa lọ. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn títí a fi rí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ojú ọ̀nà yẹn kò kúrò lójú mi.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH méjì wá láti àdúgbò Under-G. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn, òun náà sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ẹni tí yóò máa fún un lóúnjẹ nígbà ìsinmi, wọ́n wo ojú ara wọn. Ọkùnrin kan tí ó wá nígbà tí wọ́n ti lọ kò tilẹ̀ béèrè orúkọ ajá náà. Ó fi ọwọ́ tẹ itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì na owó sí mi. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí ó ń bọ. A bá ajá nínú ohun tí wọ́n fi ń bọ Ògún, àwọn baba ńlá wa náà sì ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣa ìdin lọ́rùn rẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ìyá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Afọ̀n. Àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun, ilé wọn mọ́, ọgbà wọn ga, wọ́n sì ti se ẹja sílẹ̀ dè é. Ó fò mọ́ wọn láti kí wọn, díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n ṣubú. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n sì ní, “Ọmọ mi, ajá yìí dára, ọjọ́ orí mi ni kò gbà á.” Omi wà lójú wọn. Wọ́n ṣì fún un ní ẹja náà. Mo ti ṣèlérí pé n ó bá wọn wá ajá tí ó dàgbà, tí ara rẹ̀ balẹ̀, n ó sì mú ìlérí náà ṣẹ.

O sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ní Jámánì níbẹ̀, ẹni tí ó ní ajá ń san owó orí lé e, àti pé àwọn tí ó ń tọ́jú ajá aláìnílé lè wá wo ilé ènìyàn kí wọ́n tó fa ajá lé e lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. N kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; èmi ti sọ ọmọ lórúkọ ná, ilé ni mo wá ń wò kiri báyìí.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé bí mo bá pè ọ́, ẹnu mi kò ní gbà á. Oko kajú Bùrọ̀dá Àkànní ní ọ̀nà Ìkòyí ni ọkàn mi wà. Mo mọ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ikú Akọni, ajá wọn. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ẹ̀wù ọdẹ wọn wé e, tí wọ́n sì sin ín sí ìdí kajú, tí wọ́n ní ajá kò ní wọ oko àwọn mọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n wá kí bàbá mi. Tanímọ̀la wà lókùn, ó ń fò, ó ń gbó, ó ń fa okùn, wọn kò sì wo ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, wọ́n súfèé lẹ́ẹ̀kan, ìfé kúkúrú yẹn tí wọ́n fi máa ń pe Akọni. Ajá náà dúró sójú kan. Etí rẹ̀ méjèèjì nà, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, kò sì gbé e sílẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Ta ni ó kọ́ ọ?” Mo ní kò sí ẹnì kan. Wọn kò sọ ohunkóhun mọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi àtàǹpàkò tọ àpá ọrùn rẹ̀ yíká.

Jọ̀ọ́, bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi kò lè dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níwájú wọn, ìwọ nìkan ni o lè dárúkọ Akọni kí wọ́n má dìde. Sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo bẹ̀bẹ̀ fún, kí wọ́n fi wò ó. N ó gbé oúnjẹ rẹ̀ wá, n ó kó káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún wọn, mo sì ti tọ́jú owó tí dókítà yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Nígbà tí kajú bá so ní oṣù Èrèlé, tí àwọn olè bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ oko, yóò ti ń lọ sí ọmọ ọdún kan. Bí kò bá bá wọn lára mu, ọ̀dọ̀ mi ni kí wọ́n dá a padà sí, kí wọ́n má fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kí wọ́n má sì so ó mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ èyí fún ẹni tí ó sin Akọni bí wọ́n ṣe sin ín, ṣùgbọ́n bá mi sọ ọ́.

Ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi báyìí, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé bàtà mi, n kò sì fẹ́ dìde kí n má baà jí i. Ó ku ọjọ́ 21 kí oṣù parí. Bá mi kí Bàbá Tọ́pẹ́ àti àwọn ọmọ, kí o sì fún mi lésì bí o bá ti bá Bùrọ̀dá sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ òru.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àdùkẹ́.