Gba Ìbéèrè Alẹ́ fún Wa

Èbúté-Mẹ́tta,
Èkó.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Toronto ńkọ́? Gbogbo wa níbí ń ṣe dáadáa, màmá mi sì ní kí n kí ọ gan-an.

O bi mí lórí fóònù pé kí ló tún kù tí mò ń ṣe lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ta àdúgbò lọ́rẹ, nígbà tó jẹ́ pé a ti pín wọn tán. Ọ̀rẹ́ mi, ìgbà tí a pín wọn tán gan-an niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àlòkù ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè gbé Windows 11, Windows 10 tó wà lórí wọn sì ti kọjá àkókò àtìlẹ́yìn láti October 14, 2025, ìyẹn ni pé Microsoft tó ṣe é kì í fi àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí i mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, sórí wọn. Ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí wá gbé e délé, ó tàn án, ohun tí kò rí rí yọ sí i lójú. Ta ni yóò bi?

Àwa la ní kí wọ́n máa bi. Àwọn olùyọ̀ǹda ara wa pọ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Yaba, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tẹlifóònù. Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ yìí ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Bí ìbéèrè bá wọlé sórí WhatsApp, gbogbo wọn á rí i, kálukú á sì rò pé ẹnìkejì òun ti dáhùn. Ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, ẹni tó bèèrè á ṣì máa wo fóònù. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ mú ìbéèrè á kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ó dọwọ́ mi". Láti ìgbà náà, tirẹ̀ ni, títí ẹni tó bèèrè á fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti yanjú. Bó bá ju agbára rẹ̀ lọ, á dá a padà fún mi, èmi á wá ẹlòmíràn. Mo ní ìwé kan tí mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: irú ẹ̀rọ tó jẹ́, ohun tí ẹni náà rí, ohun tó yanjú rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún ọ. Bàbá kan tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú (Windows la fi sílẹ̀ lórí tirẹ̀ nítorí CorelDRAW, ètò ìyàwòrán tó fi ń jẹun) ní íntánẹ́ẹ̀tì òun ti bàjẹ́. Ojúewé yòówù kó ṣí, ìkìlọ̀ ló ń rí pé kò sí ààbò níbẹ̀. Wọ́n ní kó ra dátà, ó rà á. Wọ́n ní kó pa ẹ̀rọ kó tún un tàn, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú wa ló wá bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ọdún wo ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Bàbá ní 2011. Ó parí! Bátìrì pẹlẹbẹ tó ń gbé aago ró nínú rẹ̀, CR2032, ló ti kú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni aago ń padà sẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí tí ojúewé kọ̀ọ̀kan fi ń fi ara rẹ̀ hàn á wá dà bí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé lójú ẹ̀rọ. Ìsọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe ni ọmọ rẹ̀ ti ra òmíràn.

Irú sùúrù ọmọbìnrin yẹn ni mo ń wá lára gbogbo wọn, ju ìmọ̀ lọ. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Bàrígà bèèrè bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà ńlá, ẹnì kan sì fi í rẹ́rìn-ín. Títí dòní, aṣọ ló fi bo kọ̀ǹpútà náà ní pálọ̀. Ó ń dùn mí. Mo ti lọ bẹ olùkọ́ náà, màá sì tún padà lọ. Olùyọ̀ǹda tó bá fi àgbàlagbà ṣẹ̀sín, mi ò ní gbé ìbéèrè fún un mọ́. Bákan náà ni ẹni tó bá bèèrè password tàbí PIN lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èkó la wà, o mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Ìbéèrè alẹ́ ló ń bọ́ sílẹ̀ jù. Ìgbà tí ọjà bá ti tú, tí iná bá sì dé, ni wọ́n tó ń ráyè jókòó ti ẹ̀rọ, pàápàá àwọn ọmọ tó ń múra JAMB, torí láti 2015 ni gbogbo ìdánwò náà ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Àwọn olùyọ̀ǹda wa ti sùn nígbà náà, tàbí kí wọ́n ṣì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù níbí, aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ yín. Ìwọ tó o tún kọ̀ǹpútà ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀tígbà kó o tó lọ, kò sí èyí tí o ò ní lè dáhùn níbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni mò ń tọrọ, wákàtí kọ̀ọ̀kan péré. Màá ya àwòrán ìwé mi ránṣẹ́ sí ọ, kó o lè mọ ohun tí wọ́n sábà máa ń bèèrè. Bí ọjọ́ méjèèjì kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, sọ èyí tó rọrùn fún mi kí n tó pín iṣẹ́ oṣù tó ń bọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.