Advice àti advise: etí nìkan kò tó

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ìwé ẹ̀kọ́ yín ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi etí mọ ìyàtọ̀ advice àti advise. Lẹ́nu ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ó rí bẹ́ẹ̀: ìró s ló kẹ́yìn advice, z ló kẹ́yìn advise. Ṣùgbọ́n èdè wa kò ní z. Àwa tí à ń pe zip ní síìpù, “ádífáìsì” ni méjèèjì lẹ́nu wa. Ohun tí ẹnu kò yà sọ́tọ̀, etí wo ni yóò gbọ́ ọ?

Àná ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ gbé I advise you to wait lọ sí àná, ó di I advised you. Ó gba -ed, ọ̀rọ̀-ìṣe ni, s ló ni ín. Ẹ gbé Your advice is good náà lọ: is ló di was, advice dúró gbọin. Ọ̀rọ̀-orúkọ nìyẹn, c ni tirẹ̀. An advice àti advices kò tọ̀nà. Some advice tàbí a piece of advice ni. Ẹ má fi ìtumọ̀ Yorùbá dán an wò o. “Fún un ní ìmọ̀ràn” àti “gbà á nímọ̀ràn”, ìmọ̀ràn wà nínú méjèèjì, ibẹ̀ gan-an lọmọ ti ń ṣìnà.

Ní ti practice àti practise, licence àti license, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an kì í fi ẹnu yà wọ́n. Ìlànà kan náà ni: a driving licence, àmọ́ they license drivers. Nítorí náà, licensed, licensing àti unlicensed, s ni gbogbo wọn. “Licenced” tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù kò dáa. Amẹ́ríkà ní tiwọn ń kọ license àti practice fún orúkọ àti ìṣe, ṣùgbọ́n wọn kò da advice àti advise pọ̀.

Kọ̀ǹpútà kì í sábà gbani níbí. Bí Word bá wà lórí English (United States), ó lè fa ìlà pupa sábẹ́ practise tó tọ̀nà. Bó bá wà lórí English (United Kingdom), ó lè gba èyí tó ṣì, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì. Ẹ tẹ Ctrl+A, kí ẹ lọ sí Review, Language, Set Proofing Language, kí ẹ mú United Kingdom. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Ctrl+F wá “practi” àti “licen”, kí ẹ fi àná dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan,
Ìbàdàn.