Ta ló ka ìwé náà fún ìyá tó ni ọlẹ̀?

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí olùṣọ́-àgùntàn kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní apànìyàn ni gbogbo onísáyẹ́ǹsì tó bá fọwọ́ kan ọlẹ̀ torí ìwádìí stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ara. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi lèmi náà, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo sì ṣe fẹ̀yìn tì. Ẹ kò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé ọlẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ọ̀rọ̀ baba wa ti da ọkàn àwọn kan rú.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Jagun wá bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni òun fẹ́ dá. Ọmọ rẹ̀ ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde (sickle cell), dókítà sì ti dárúkọ stem cell fún un. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mùdùnmúdùn eegun ẹni tí ara rẹ̀ dá ni wọ́n ti ń mú ìyẹn, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọmọ náà ló sì sábà máa ń jẹ́. Wọ́n ti ṣe é nílùú Benin, ní Nàìjíríà wa níbí, lọ́dún 2011. Kò sí ọlẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ti ọlẹ̀ yàtọ̀. Ọdún 1998 ni James Thomson àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wisconsin, l'Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ yọ ọ́ lára ọlẹ̀ ènìyàn. Ọlẹ̀ ọ̀hún kò dé inú ikùn rí. Inú àwo ni wọ́n ti ṣe é fáwọn tọkọtaya tó ń wá ọmọ, ó ṣẹ́kù, kò ju nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lọ. Bí wọ́n bá ti yọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ó parí fún un nìyẹn. Ibẹ̀ nìjà wà. Lóòótọ́, Shinya Yamanaka ará Japan ti rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá sẹ́ẹ̀lì awọ ara àgbà padà sípò ìpìlẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2012, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fi ti ọlẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó ń dun èmi kò sí nínú lẹ́tà baba wa rárá. Mo sin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wá ọmọ lọ sílé ìwòsàn aládàáni kan n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọlẹ̀ inú àwo yìí. Onídìrí ni. Wọ́n kó ìwé síwájú rẹ̀, òyìnbó látòkè délẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti fi ìka sí ibi tó máa buwọ́ lù: “Àǹtí, ẹ ṣáà sáìnì, gbogbo èèyàn ló ń sáìnì ẹ̀.” Mo gba ìwé, mo wọ jígí mi. Ojú ewé tó kẹ́yìn ló wà: bí ọlẹ̀ bá ṣẹ́kù, ṣé kí wọ́n gbé e pamọ́ sínú òtútù, kí tọkọtaya máa sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún, ṣé kí wọ́n dà á nù, àbí kí wọ́n fi ṣèwádìí? Ọkọ rẹ̀ ti máàkì ìkẹta. Mo tú u sí Yorùbá fún un. Ó pariwo: “Ẹ̀hẹn! Ṣé àwọn kan máa kù síbẹ̀ ni, Màmá?” Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí.

Bí obìnrin bá gbọ́ ọ yékéyéké, tó ní kí wọ́n máa lò ó, èmi ò ní pè é lápànìyàn. Ṣé kí wọ́n dà á sínú sìnkì ló wá sàn jù? Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, láti 1990 ni òfin ti ní wọn kò gbọdọ̀ tọ́jú ọlẹ̀ kọjá ọjọ́ 14 nínú àwo, àwọn tó ni ín sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin Ìlera tiwa, ti 2014, fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, ó kéré tán, de ẹni tó bá fẹ́ fi sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan ṣe ẹ̀dà rẹ̀ (cloning), kò sì fi àyè owó ìtanràn sílẹ̀. Abala 23 òfin kan náà ní kí wọ́n ṣàlàyé fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. N'Ìbàdàn, Yorùbá ni kò wá ṣeé ṣe?

Olóòtú, ẹ bá wa tẹ abala 23 yẹn jáde ní Yorùbá, kó mọ níwọ̀n tí obìnrin lè gé e sínú báàgì.

Èmi ni tiyín,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́.