Ẹ̀sùn lórí Tíkẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Ojú Omi Fẹ́nísì tí Ẹ Tà fún Wa

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìrìn-àjò,
Àjàṣẹ́ (Porto-Novo).

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹ̀sùn kàn yín nípa ètò ìrìn-àjò Fẹ́nísì (Venice), ìlú orí omi ní Ítálì, tí ẹ tà fún èmi àti ìyá mi, nítorí pé ohun tí ẹ kọ sínú ìwé àdéhùn nípa ọkọ̀ ojú omi ìlú náà yàtọ̀ sí ohun tí ẹ fi lé wa lọ́wọ́. Mo ti kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì yín, ẹni tí mo bá níbẹ̀ sì ní kí n lọ fi ẹjọ́ sun àwọn ará Ítálì. Èsì yẹn ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìwé.

Ìwé àdéhùn wa sọ pé owó ọkọ̀ ojú omi wà nínú iye tí a san, láti ìgbà tí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú títí a ó fi padà síbẹ̀. Gbólóhùn yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà láti mú ìyá mi dání. Kò sí mọ́tò nínú àwọn àdúgbò Fẹ́nísì, ká má tíì sọ zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà; afárá ibẹ̀ tó nǹkan bí 400, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ní àtẹ̀gùn. Àgbàlagbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu kò ní ọ̀nà mìíràn ju vaporetto lọ, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀, àfi bí ó bá lówó takisí orí omi, tí owó rẹ̀ kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù.

Ohun tí a wá bá nínú àpòòwé yín ni tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò lè lò ju ìṣẹ́jú 75 lọ láti ìgbà tí a bá ti fi kan ẹ̀rọ tó wà ní ẹnu èbúté. Nígbà tí a lọ, Yúrò 9.50 ni wọ́n ń tà á, nǹkan bí 6,230 owó séfà. Tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí 72, tí ó bá àdéhùn wa mu, jẹ́ Yúrò 45, ìyẹn ni pé ó lé díẹ̀ ní 29,500 séfà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, àpò yín ló wà.

Láti pápákọ̀ Marco Polo ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Alilaguna ló ni ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa láti ibẹ̀ wọ ìlú, wọn kì í sì í gba tíkẹ́ẹ̀tì ACTV, ilé-iṣẹ́ tó ń wa vaporetto. Ó yẹ kí ẹni tó ń fi ìrìn-àjò ṣòwò mọ èyí kó tó gbowó lọ́wọ́ ènìyàn. A san owó mìíràn, mo sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìṣẹ́jú 75 lè ṣe níbẹ̀. Ọkọ̀ nọ́ńbà 1, tó ń gba Canal Grande, ọ̀nà omi ńlá ibẹ̀, kọjá láàárín ìlú, fẹ́rẹ̀ẹ́ má fo èbúté kankan, lọ́tùn-ún lósì. Láti Piazzale Roma dé San Marco, ó máa ń sún mọ́ ìṣẹ́jú 45. Ẹni tó bá lọ kò lè padà kí tíkẹ́ẹ̀tì náà tó kú. Lágùúnù tiwa níhìn-ín, bí o bá ti sanwó fún ọlọ́kọ̀ tó ń lọ sí abúlé orí omi Aguégués, o ti sanwó nìyẹn títí o ó fi débẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ka ìṣẹ́jú mọ́ ọ lórí. Ti Fẹ́nísì kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin sì lẹ yẹ kí ẹ sọ fún wa.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ tí a lọ sí erékùṣù Burano. Ìwé ètò yín ló ní kí a wọ ọkọ̀ nọ́ńbà 12 ní èbúté Fondamente Nove, kí a yà ní erékùṣù Murano, kí a dé Burano, kí a sì padà, gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ kan, pẹ̀lú “tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ yín.” Àlọ tààrà sí Burano nìkan lé ní ìṣẹ́jú 40. Nígbà tí à ń bọ̀, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò wọlé ní Murano, ó fi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ kan tiwa, iná pupa tàn. Mo fi ìwé yín hàn án. Ó kà á, ó rọra dá a padà fún mi, ó sì kọ owó ìtanràn fún àwa méjèèjì. Ìyá mi tú etí ìró rẹ̀ níwájú èrò ọkọ̀, ó yọ owó tó dì síbẹ̀ láti fi ra ìlẹ̀kẹ̀ Murano, irú èyí tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ láti ayé òwò ojú òkun. Òṣìṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ó tilẹ̀ bọ̀wọ̀ fún àgbà ju bí wọ́n ṣe bọ̀wọ̀ fún mi ní ọ́fíìsì yín lọ.

Nítorí náà, mò ń béèrè pé kí ẹ san ìyàtọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì náà padà fún èmi àti ìyá mi, pẹ̀lú owó ọkọ̀ Alilaguna ní àlọ àti àbọ̀, àti owó ìtanràn. Ẹ̀dà gbogbo ìwé ẹ̀rí wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo sì ń fẹ́ kí ẹ tún ìwé ètò náà kọ kí ẹ tó tà á fún ẹlòmíràn, kí ẹ sọ níbẹ̀ ní kedere iye wákàtí tí tíkẹ́ẹ̀tì lè lò àti pé kò dé pápákọ̀ òfurufú.

Ẹ lè fi owó náà ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà fóònù tí mo fi sanwó fún yín, kí ìyá mi má baà tún máa gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín ní Ouando.