Àkànní, Èyí Tí Wọ́n Kọ̀ Lọ́dọ̀ Yín Ni Kó O Rà

Ọjúẹlẹ́gbà, Sùúrùlérè,
Èkó.
Oṣù Kọkànlá, 2025.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú iṣẹ́, o kú àìsinmi. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa níbí wà ní àlàáfíà, a dúpẹ́. Màmá mi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní tí o bá tún wálé tí o kò yà lọ́dọ̀ àwọn, kí o má ṣe pe ara rẹ ní ọmọ àwọn mọ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìdáhùn rẹ̀ gùn, n kò sì mọ bí wọ́n ti ń dá bá fóònù sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ni mo ṣe mú bírò. O ní kí n máa wá gìtá Hawaiian àtijọ́, irú tí wọ́n ń fi irin yọ́ lórí okùn ẹ̀, kiri Èkó, àtèyí tó ní pẹ́dà (pedal steel) àtèyí tí wọ́n ń gbé lé itan, kí n rà á ní pọ́ọ́kú, kí ìwọ máa tà á ní Houston. O ní àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ lọ́dọ̀ yín kò tíì mọ̀ pé irú ẹ̀ wà nílẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí.

Ìyá kan ní Ṣómólú ló ránṣẹ́ pè mí. Ọkọ wọn ta gìtá pẹ́ nínú bẹ́ńdì jùjú kí ọlọ́jọ́ tó dé, àwọn ọmọ wá fẹ́ mọ iye tí ẹrù bàbá wọn lè pa. Wọ́n wọ́ àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣí i: Fender 400, okùn mẹ́jọ, pẹ́dà mẹ́rin, irú tí ilé-iṣẹ́ Fender bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ọ̀dà ojú ẹ̀ ti ń ṣí, òórùn káńfọ̀ kún inú àpótí. Mo dojú ẹ̀ délẹ̀ kí n wo abẹ́. O mọ̀ pé Fender ìgbà yẹn kì í lo ọ̀pá irin bíi tàwọn yòókù, wáyà ló fi so pẹ́dà mọ́ ibi tó ń fa okùn. Kò sí wáyà ilé-iṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Wáyà bíréèkì ọ̀kadà ni bàbá yẹn fi rọ́pò gbogbo ẹ̀. Ó gé wọn bó ṣe yẹ, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó etí wọn kó má bàa tú. Ọ̀kan nínú àwọn irin tí okùn ń gùn kọjá ń dán yàtọ̀ sáwọn ìyókù: idẹ ni, tọ́nà kan, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ló gé e. Mo tò ó dúró, mo tẹ pẹ́dà kejì, ohùn gòkè. Mo gbẹ́sẹ̀, ó padà sí àyè ẹ̀, kò yẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ ọwọ́ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí o sọ pé ó lè san dọ́là 1,200 fún irú ẹ̀ ńkọ́? Ohun tó máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé ṣé gbogbo ara ẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Ṣé wọ́n ti kùn ún rí? Ṣé pikọ́ọ̀pù tó bá a wáyé, ohun tó ń gba ohùn okùn, ló wà lára ẹ̀? Tó bá ti rí wáyà ọ̀kadà yẹn báyìí, á gé owó sí ìdajì, bí kò bá tilẹ̀ bá tiẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà nìyẹn, Àkànní. Ohun tó jẹ́ kí gìtá náà ṣì máa kọrin ní Ṣómólú náà ló ba iyì ẹ̀ jẹ́ ní Houston.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Ìdajì dọ́là 1,200 jẹ́ 600. Dọ́là wà ní nǹkan bí ₦1,450 bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ₦870,000 nìyẹn. Pẹ̀lú àpótí ẹ̀, ó wúwo kọjá kílò 23 tí wọ́n ń gbà fún báàgì kan nínú ọkọ̀ òfurufú. Yọ owó ẹrù kúrò. Yọ owó aṣọ́bodè ti ọ̀dọ̀ yín kúrò, nítorí láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún yìí ni Amẹ́ríkà ti fagi lé àǹfààní tí ẹrù tí kò ju dọ́là 800 lọ fi ń wọlé láìsan nǹkan kan. Yọ tèmi, yọ tìẹ. Kí ló wá kù tí a fẹ́ gbé fún opó?

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bàrígà rà á ní ₦700,000. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa san án, ti àkọ́kọ́ sì wọlé kí mọ́tò tó gbé e. Ọmọkùnrin tó máa ta á níbẹ̀ kò bi mí bóyá wáyà ilé-iṣẹ́ ló wà lábẹ́. Ohun tó bi mí ni pé tí èyí bá já, wáyà irú ọ̀kadà wo ni kí òun lọ rà.

O rántí bí àwọn gìtá yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1981, ọjà dọ́là 1,000 kò tó ₦700. Ọ̀gá bẹ́ńdì tí wọ́n náwó fún lóde bíi mélòó kan lè ránṣẹ́ sí London kí irinṣẹ́ sì wọlé. Ìgbà yẹn ni gìtá Hawaiian di ara jùjú pátápátá. Demọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta pedal steel lẹ́yìn King Sunny Adé nígbà tí ilé-iṣẹ́ agbórinjáde Island Records gbé orin wọn káyé láti 1982. Òun náà ni Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, pè kó wá ta á nínú àwo orin Graceland ní 1986. Fújì náà kò gbẹ́yìn. Ọdún 1986 yẹn kan náà ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba, dé, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lulẹ̀. Àwọn gìtá tó wọlé ṣáájú ìgbà yẹn la ṣì ń tún ṣe títí di òní.

Ti oṣù Kẹfà 2023 ló wá fọ́ ọ yángá. Wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là kúrò ní nǹkan bí ₦470, ó kọjá ₦700 láàárín ọjọ́ mélòó kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tí 2024 fi ń parí, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹni tó ta irinṣẹ́ tòkunbọ̀ méjì tó rò pé òun jèrè, tó bá padà sọ́jà, owó méjèèjì kò ra ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí iye tí mo bá sọ fún oníbàárà lónìí kì í fi í pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi. Àwọn míì ń bínú, wọ́n ní mo ti di ọ̀kánjúà. Kí wọ́n máa bínú.

Pedal steel tó dúró dáadáa, tí o ní ó tó dọ́là 2,500 lọ́dọ̀ yín, lé ní ₦3,600,000 lọ́dọ̀ wa. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là sílẹ̀ jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó ń gbà á á ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́rin lọ, láìjẹun, láìwọ mọ́tò, kó tó lè rà á. Àwọn ọ̀gá bẹ́ńdì pàápàá ti ń yẹra. Kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ń dún bíi fèrè, ó ń dún bíi fayolíìnì, o tún tẹ bọ́tìnnì kan, ó ń ṣe Hawaiian. Irọ́ ni Hawaiian tó ń ṣe. Ojúlówó rẹ̀ kì í já lu ohùn tó ń lọ, ńṣe ló máa ń rọra yọ́ dé ibẹ̀, á tún máa gbọ̀n díẹ̀ kó tó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ́n owó lóde kò dúró gbọ́ ìyẹn. Ọ̀gá bẹ́ńdì náà ń ro owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó mọ́tò, ẹnìkan tó dín nínú àwọn ọmọ bẹ́ńdì, owó ni.

Nítorí náà, yí òwò yẹn padà. Má ra níbí lọ tà lọ́hùn-ún. Ọ̀hún ni kó o ti rà, kó o sì fi èyí tí gbogbo wọn ń lé sílẹ̀ fún wọn. O sọ fún mi pé àwọn àgbà tó ń kó wọn jọ ti ń kú lọ, pé àwọn ọmọ wọn ń kó ẹrù síta. O ní èyí tí ara ẹ̀ pé ṣì lówó lórí, àmọ́ èyí tí wọ́n ti tún kùn tàbí tí wọ́n ti pààrọ̀ pikọ́ọ̀pù ẹ̀ kì í rẹ́ni dá a lóhùn. Àwọn yẹn gan-an ni tiwa. Pedal steel Sho-Bud àwọn ọdún 1970 míì wà tí irin dídà inú ẹ̀ máa ń sán. Lọ́dọ̀ yín, ẹni tó ni ín á máa wá irú ẹ̀ kiri. Níbí, tọ́nà kan wà ní Mushin tó jẹ́ pé ó máa wo èyí tó sán, á wọ̀n ọ́n, á fi idẹ gé òmíràn, kò sì ní sán mọ́. Mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lára gìtá mẹ́ta. Kò mọ orin kankan o, àwọn ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì ló ń gé látàárọ̀ dalẹ́.

Èyí tí wọ́n ń gbé lé itan, má dà á láàmú àfi tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Káfíńtà á fi igi ọ̀gànwó gbẹ́ ẹ, a ó wá pikọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ sí i, a ó gbé okùn ga kúrò lójú pátákó. Irin ló ń yọ́ lórí okùn, ọwọ́ kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, kò sí fírẹ́ẹ̀tì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ọrùn gìtá, tó máa gbé èèyàn lọ́kàn sókè. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ọ tilẹ̀ ń gbé okùn gìtá lásán sókè lórí, wọ́n á wá yá sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́káníìkì fi ta á. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Joseph Kekuku tí wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ ní Hawaii ní nǹkan bí 1889, ohun tó rí lọ́wọ́ lòun náà fi bẹ̀rẹ̀.

O máa bi mí pé ta ló fẹ́ rà á. Ṣọ́ọ̀ṣì ni àkọ́kọ́, wọ́n ń dáwó jọ, wọn kì í sì í sá. Lẹ́yìn wọn ni àwọn onígìtá tó ń dá àjọ láàárín ara wọn: ẹni tó bá kan á wá bá mi pẹ̀lú owó tó pé. Àwìn pátápátá, n kò ṣe é mọ́. Tí o bá rí èyí tó dọ́là 500 tàbí 600, tí pẹ́dà ẹ̀ pé, mo lè tà á kí oṣù tó parí. Má fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Tú ẹsẹ̀ ẹ̀, fi òróró pa gbogbo irin abẹ́ ẹ̀ nítorí iyọ̀ òkun, kó o dì í sáàárín aṣọ nínú dírọ́ọ̀mù tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sílé lójú omi.

Má rò pé mo ti di aláàánú ọjà o. Tí pedal steel Emmons tí ara ẹ̀ pé, tí tọ́nà kò tíì fọwọ́ kàn, bá jáde ní Èkó lọ́la, ìwọ ni màá kọ́kọ́ pè. A ó sọ iye tó tó ní dọ́là fún ẹni tó ni ín, lójú ara ẹ̀, a ó wá mú tiwa. Ohun tí n kò ní bá ọ dá sí ni kí n lọ jókòó síwájú opó, kí n máa sọ fún un pé pákó lásán ni ọkọ ẹ̀ fi sílẹ̀.

Ní báyìí ná, okùn ni kó o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Nínú okùn mẹ́wàá ti E9, bí a ṣe sábà máa ń to okùn pedal steel, ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tó nípọn tó 0.011 ínṣì, ló máa ń já jù. Ńṣe la ń ra odidi páálí okùn gìtá lásán, tí a ó yọ ẹyọ kan lò, márùn-ún ìyókù á wá sùn sílẹ̀. Fi irin ọwọ́ tí à ń yọ́ lórí okùn, ẹyọ kan tàbí méjì, tì í. Tí o bá sì rí gìtá tó wù ọ́, abẹ́ ẹ̀ ni kó o yà ní fọ́tò wá kó o tó sanwó, ojú ẹ̀ kò kàn mí. Màá gbé fọ́tò náà lọ fún tọ́nà, á sọ iye tó máa gbà, ìyẹn lo máa fi ná an.

Bá mi kí ìyàwó rẹ gidigidi.

Èmi ni,
Àjàní.