Lẹ́tà sí Bàbá Kùmásì

Bàbá Kùmásì,

Mo ti dé Kùmásì yín. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ló ń gbéyàwó níbẹ̀, ni a bá kó sínú bọ́ọ̀sì láti Èkó, a gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé àti Accra, títí a fi dé ìlú tí orúkọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ yín débi pé àwọn kan nínú ọmọ-ọmọ yín kò mọ orúkọ àbísọ yín. Nígbà tí ìnáwó parí, tí àwọn yòókù ń ná aṣọ kẹ́ńtè lọ́jà, mo ní kí onítakisí gbé mi lọ sí Manhyia, ààfin ọba àwọn Àṣáńtì. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ààfin yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Bí ẹ bá ti yọ páìpù tí ẹ fi ń fẹ́ iná kúrò lẹ́nu báyìí, kí ẹ tó tún fẹ́ ẹ, ìtàn Kùmásì ló máa ń tẹ̀lé e: bí ọ̀gá yín ṣe mú yín kọjá níwájú ilé ọba, bí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ibẹ̀ kì í ṣe kánjú, bí ẹ ṣe fi ọdún kan gbáko fẹ́ná kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan góòlù. Ilé tí ẹ máa ń sọ ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1995. Kò tóbi bí mo ti rò. Ilé alájà méjì ni, 1925 ni wọ́n kọ́ ọ fún ọba wọn, Prempeh Kìíní, lẹ́yìn tó ti ìgbèkùn dé. Ní 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un lọ, Seychelles ló gbẹ̀yìn sí láàárín òkun, 1924 ló tó fojú kan ìlú rẹ̀ padà. Ère àwọn ọba tí wọ́n fi ìda ṣe jókòó nínú yàrá, Yaa Asantewaa náà wà níbẹ̀, ìyá tó kó ogun jọ ní 1900 nígbà tí gómìnà òyìnbó ní kí wọ́n gbé àga wúrà wá kí òun jókòó lé e. Mo kí i. Mo kúnlẹ̀ kí i ni, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Ibi tí góòlù wà ni mo ti dúró pẹ́. Bàbá, ìbá ṣe pé ẹ wà níbẹ̀ ni! Idà ọba tí góòlù bo èèkù rẹ̀, páìpù tábà onígóòlù, àti àwọn àwo pẹrẹsẹ tí àwọn tó ń wẹ ọkàn ọba mọ́ máa ń so kọ́ àyà. Àwọn àwo yẹn ni ojú mi kò kúrò lára wọn. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe é gan-an ni wọ́n ṣe é: wọ́n fi ìda oyin ya gbogbo iṣẹ́ náà, wọ́n fi amọ̀ bò ó, iná lé ìda jáde, góòlù sì gba ipò rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi ni ẹ máa ń rán lọ po amọ̀ pọ̀ mọ́ èédú lílọ̀.

Obìnrin tó ń mú wa yíká sọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe kúrò nílé. Oṣù kejì ọdún 1874 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Wolseley jẹ́ ọ̀gá wọn wọ Kùmásì, wọ́n kó ààfin, wọ́n fi iná sí ìlú, wọ́n sì tún ní kí àwọn Àṣáńtì san 50,000 áúǹsì góòlù ní owó ìtanràn. Ẹ̀yin ẹ mọ ohun tí áúǹsì kan jẹ́ lórí òṣùwọ̀n. Ó lé ní tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Wọ́n ta díẹ̀ nínú ẹrù náà ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dọ̀ Garrard tó ń ṣe góòlù fún ọba wọn. Ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu yín rí ni pé Èkó wà nínú ogun náà. Glover tó ti ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbí, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn Glover tí gbogbo wa mọ̀ ní Lagos Island, kó àwọn ọmọ ogun Haúsá láti Èkó lọ bá wọn jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú ti jóná kó tó dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gba iwájú gbọ̀ngàn yẹn kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí.

Ní 2024 ni wọ́n kó nǹkan 32 wá láti Lọ́ńdọ̀nù, 17 láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert, 15 láti British Museum. Àyálò ni, Bàbá. Ọdún 3 ni wọ́n yá wọn. Wọ́n ní òfin ìlú àwọn kò jẹ́ kí àwọn yọ̀ǹda wọn pátápátá. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fowler ní Los Angeles ní nǹkan 7 lọ́wọ́ tirẹ̀, ṣéènì góòlù kan àti ẹ̀gbà ọwọ́ méjì wà nínú rẹ̀. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà fún olówó rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, wọn ò sọ ìgbà tí àwọn ń bọ̀ wá gbà á. Inú bí mi sí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù débi pé mo sọ ọ́ síta ní Yorùbá, láàárín àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Kí ènìyàn kó ẹrù ẹlẹ́rù fún àádọ́jọ ọdún, kó wá yá olówó rẹ̀!

Ibi tí mo ti ń bínú náà ni mo ti rí i pé ọwọ́ mi wà lọ́rùn mi, mo di pẹ́ńdántì yín mú lábẹ́ bùbá.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju owó ẹyọ náírà kan lọ. Òdòdó olójú mẹ́jọ ló wà láàárín, okùn góòlù méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ ló yí etí rẹ̀ ká. Lápá òsì, okùn náà ti bẹ́ níbì kan, ẹ sì jó o padà, ibẹ̀ pọ́n ju ìyókù lọ títí dòní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wo èyí tó wà nínú gíláàsì, mo ń wo tèmi. Òdòdó náà ni. Okùn lílọ́ náà ni. Obìnrin náà bi mí bóyá ó rẹ̀ mí.

Bàbá, kí ló dé bá góòlù Bọ̀ọ̀dá Gánà?

Mo ti fẹ́ bi yín láti kékeré. Mo fẹ́ bi yín nígbà tí mo ṣègbéyàwó, mo tún fẹ́ bi yín nígbà tí ẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn ọmọ yín wà ní yàrá, mo gbé e mì. Oṣù kìíní ọdún 1983 ni. Ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo Èkó sì kún fún àwọn ará Gánà pẹ̀lú báàgì aláràbarà yẹn. Bọ̀ọ̀dá Gánà kò fẹ́ lọ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń bá yín ṣiṣẹ́ nínú yàrá yẹn ní Ìdúmàgbò, òun ló ń gbé mi kọ́rùn lọ ra ẹ̀kọ. Lóru tó ku ọ̀la kó lọ, iná ti lọ, ẹ tan àtùpà sórí pẹpẹ iṣẹ́. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó tú áńkáṣíìfù kan níwájú yín: òrùka, ṣéènì tó ti já, àti góòlù wóróbo tí wọn ò tíì fi ṣe nǹkan kan. Ẹ kó o sórí òṣùwọ̀n kékeré yẹn. Ẹ̀ ń sọ èdè Twi sí ara yín, ẹ ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mi ò sì gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó di áńkáṣíìfù náà padà, ó gbé e lé yín lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì bo ọwọ́ yín. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé Gánà ti ilẹ̀kùn bodè tirẹ̀, pé Togo àti Bẹ̀nẹ̀ náà ti tiwọn, pé àwọn èèyàn há sí Sẹ̀mẹ̀ láìsí oúnjẹ. Ṣé nítorí kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà ló ṣe fi í sílẹ̀? Àbí ó tà á fún yín ni? Ṣé ẹ fún un lówó ọkọ̀? Mi ò rí owó. Ṣùgbọ́n ojú ọmọdé ni mo fi wò ó, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ní 1984, níbi ìsọmọlórúkọ àbúrò mi, ni ẹ so ṣéènì yìí mọ́ màmá mi lọ́rùn níwájú gbogbo ẹbí. Wọ́n jó, wọ́n na yín lówó. Mo bi màmá mi pé ṣé góòlù Bọ̀ọ̀dá Gánà ni. Ó ní ṣé bí ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹni bá fún èèyàn ní nǹkan, ibi tó ti rí i ni èèyàn ń bèèrè? Ó sì fún mi ní ìgbátí. Ìgbà tí mo lọ sílé ọkọ ni òun fúnra rẹ̀ bọ́ ọ fún mi.

Ẹ̀yin tí wọ́n lé kúrò ní Gánà ní 1969! Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún yín. Ẹ fi gbogbo irinṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá yín, ẹ̀wù tó wà lọ́rùn yín ni ẹ fi wọ Èkó. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa bí lọ́rì ṣe gbé àpótí kan dé Ìdúmàgbò lẹ́yìn ìgbà náà: ẹmú pé, òòlù pé, òṣùwọ̀n pé, àní ìda oyin tí ẹ ò tíì lò wà nínú rẹ̀. Omi máa ń bọ́ lójú yín níbi tí ẹ bá dé ibi ìda oyin. Òṣùwọ̀n yẹn, Bàbá, òun kọ́ ni ẹ fi wọn góòlù ọmọkùnrin náà?

Ẹ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé góòlù kò mọ olówó rẹ̀. Lónìí mi ò mọ ẹni tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ náà tù nínú. Òyìnbó kan tó dé Kùmásì ní 1817, Bowdich, kọ ọ́ pé ọdọọdún, nígbà ọdún iṣu, ni wọ́n máa ń yọ́ góòlù ọba láti fi rọ ọ̀ṣọ́ tuntun. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ẹ ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n góòlù tiwọn ni wọ́n ń yọ́.

Mi ò jókòó kọ lẹ́tà yìí torí Kùmásì nìkan. Nǹkan le níbí. Onílé wa ní Ṣùúrùlérè ti sọ owó ilé di ìlọ́po méjì, ó ní bí a kò bá lè san án kí a wá ibòmíràn. Ibi iṣẹ́ bàbá àwọn ọmọ ti dá èèyàn dúró, òun náà wà nínú wọn. Àbígbẹ̀yìn mi ń múra ìdánwò àṣekágbá. Gbogbo ohun tí mo lè tà ni mo ti tà, ó ku ti ọrùn. Góòlù sì wọ́n báyìí ju bí ẹ ti mọ̀ ọ́n lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, áúǹsì kan kọjá 4,000 dọ́là. Ni mo bá mú un lọ sí Balógun.

Ọkùnrin tó wò ó fi ṣéènì ha òkúta dúdú rẹ̀, ó kán omi sí i. Ó ní káráàtì 18 ni. Ó ha pẹ́ńdántì, ó tún un ha. Ó ní èyí 22, kì í ṣe góòlù kan náà. Bàbá, káráàtì 18 ni gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún àwọn ará Èkó, gbogbo Ìdúmàgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà kò wo òdòdó yín, kò wo okùn lílọ́. Ìwọ̀n ni òun ń rà, ó ní kílẹ̀ tó ṣú òun á ti yọ́ ọ mọ́ ti àwọn yòókù.

Owó tó pè tó owó ilé, ó tún ṣẹ́kù. Mo gbé e padà wálé lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀, ó kàn wò mí. Ta ni mo fẹ́ sọ fún un pé ó ni ín? Orúkọ tí àdúgbò fún un nìkan ni mo mọ̀. Mo ti lọ bá ìyàwó yín ní Ìdúmàgbò pé kó jẹ́ kí n wo àwọn ìwé ìṣirò yín; òjò ti wọlé bà wọ́n jẹ́, ó ti kó wọn dànù. Ó ní ọmọ dáadáa ni Bọ̀ọ̀dá Gánà. Ó ní òun náà kò mọ orúkọ ilé bàbá rẹ̀.

Jímọ̀ ni mo dá fún ọkùnrin Balógun, torí Sátidé ni onílé ń bọ̀. Bí ẹ bá san owó rẹ̀ fún un, bí ẹ bá rí ẹni tó ń lọ sí Kùmásì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, bí ó bá fi ta yín lọ́rẹ, ẹ dákun, ẹ wá sọ ọ́ fún mi lójú oorun kó tó di Jímọ̀, kí n lè tà á. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá sọ orúkọ rẹ̀.

Èmi ọmọ àbúrò yín,
Àdùkẹ́