Ibi tí Àjàní yóò sùn kí àlejò tó dé

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Àjàní ọmọ rẹ ńkọ́, ọkọ rẹ ńkọ́? Ara ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń le díẹ̀díẹ̀, ọmọ tuntun náà sì ń mu ọmú dáadáa. Ìtọ́jú wọn ló mú kí n ṣì wà ní Ìlọrin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ǹ bá ti wà lọ́dọ̀ rẹ ní Òṣogbo, kí n fẹnu ara mi sọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

O sọ lórí fóònù lánàá pé àwọn ará ilé ọkọ rẹ ń bọ̀ wá ṣe ọdún Ọ̀ṣun, pé mẹ́jọ ni wọ́n, pé wọ́n á ti dé kí wọ́n tó tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, wọn ò sì ní lọ títí Arugbá á fi ti ojúbọ dé. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, nínú ilé oníyàrá méjì. O ka ìrẹsì fún mi, o ka ẹran, o ka ẹní àti ìrọ̀rí. Mo ń retí kí o sọ ibi tí Àjàní máa sùn. Ìgbà tí mo béèrè, o ní, "Màmi, ìyẹn ò le, ta ni ò ní fẹ́ gbé e?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí.

Nígbà tí o wà lọ́mọ oṣù mẹ́ta, bíi ti Àjàní báyìí, Òkè Baálẹ̀ là ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀. Oṣù Kẹjọ náà ni, ọdún Ọ̀ṣun náà ló kó èèyàn wá bá wa. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì fún àwọn àgbà, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ara mi. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò, ẹni tó fẹ́ràn rẹ gan-an, ní kí n gbé ọ wá kí n lè fojú kan oorun, torí láti ìdájí ni mo ti ń dáná. Orí àga gígùn onítìmùtìmù ló wà, ó gbé ọ sáyà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sùn lọ.

Mi ò mọ ohun tó jí mi. Kì í ṣe ẹkún rẹ, torí o ò sunkún. Iná ti lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹni náà ti sùn fọnfọn, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìwọ sì ti yọ̀ bọ́ sáàárín ara rẹ̀ àti ẹ̀yìn àga, imú rẹ wọnú tìmùtìmù. Nígbà tí mo fà ọ́ yọ, ètè rẹ ti dúdú. Mo gbá ọ látẹ́lẹsẹ̀, mo ń pe orúkọ rẹ, kó tó di pé o ké. Mo ṣì ń gbọ́ ẹkún yẹn títí dòní. Gbogbo ilé jí, wọ́n ní ọmọ lálàá ni. Bàbá rẹ nìkan ni mo sọ fún. Ẹni yẹn ò mọ̀ títí ó fi kú, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò ṣe ibi kankan. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, bó ṣe rẹ̀ mí.

Nítorí náà, kí o tó pín ibùsùn fún ẹnikẹ́ni, pín ti Àjàní ná. Bí o bá fẹ́ gbé yàrá rẹ sílẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ, ó dára, bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwọ bá sùn ni ọmọ á sùn, nínú yàrá kan náà, lórí ibùsùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn dókítà ọmọdé ní kó rí bẹ́ẹ̀ títí ọmọ á fi pé oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Mo sì mọ bí ilé àlejò ṣe ń rí: kó tó di ọjọ́ kejì, báàgì àti gèlè á ti kún inú bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Má gbà. Bí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ò bá gba inú pálọ̀, gbé fóòmù rẹ̀ kékeré, èyí tó le tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, sórí ẹní ní igun tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ lóru má baà tẹ̀ ẹ́. Má fi ìrọ̀rí tì í, má fi aṣọ wúruwùru yí i ká. Má tẹ́ ẹ sáàárín àgbà méjì, má sì tẹ́ ẹ sáàárín àwọn ọmọ àlejò, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ ọ́ tó. Orí àga onítìmùtìmù, rárá o. Ìwọ gan-an, bí oorun bá ń kùn ọ́ lóru tí o fẹ́ fún un lọ́mú, orí ẹní ni kí o ti fún un, má gbé e jókòó sórí àga.

Tẹ́ ẹ kó kọjú sí àjà. Àwa máa ń da ọmọ dojú bolẹ̀ nígbà tiwa, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí wọ́n sùn wọra. Ní 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í polongo ní Amẹ́ríkà pé kí a máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, ikú òjijì lójú oorun sì dín kù níbẹ̀ tó bí ìdajì láàárín ọdún mélòó kan. Ìyá ọkọ rẹ lè ní wàrà á pa á lórí. Fi sùúrù sọ fún wọn pé bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà tí ó fi ń mí wà lókè ọ̀nà oúnjẹ. Bí wàrà bá sun wá, yóò padà síbi tó ti wá.

Àwọn aṣọ ìbora tí o fẹ́ kó jáde nínú àpótí fún àlejò, ṣé o ti fi káńfọ̀ sí wọn? Èyí ká mi lára ju bí o ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ kan wà, pàápàá ọkùnrin, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò lè fara da òórùn rẹ̀. G6PD ni wọ́n ń pè é ní ọsibítù, ó sì pọ̀ nínú àwa Yorùbá. Káńfọ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni ní ibà pọ́njú. Ẹ ò tíì yẹ Àjàní wò. Fọ gbogbo rẹ̀, sá a sóòrùn dáadáa kí wọ́n tó dé, má sì jẹ́ kí ó kan aṣọ tirẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé gbogbo yàrá. Oògùn ẹ̀fọn tó ń rú èéfín àti sìgá, ìta ni. Òtútù oṣù Kẹjọ á mú kí wọ́n fẹ́ fi ṣọ́ọ̀lù mẹ́ta wé e. Fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, bí ó bá ń làágùn, bọ́ ọ̀kan kúrò. Má sì jẹ́ kó dé fìlà sùn.

Mo mọ̀ pé ẹnu rẹ ò ní gbà á láti sọ fún àgbà pé rárá. Má dá a sọ. Ẹnu ọkọ rẹ ni kí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, níṣojú gbogbo wọn, ní alẹ́ àkọ́kọ́, torí àwọn èèyàn rẹ̀ ni. Ọ̀sán jẹ́ tiwọn: kí ìyá ọkọ rẹ wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n pọ̀n ọ́n, kí wọ́n ki oríkì rẹ̀ títí ọkàn wọn á fi balẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kúnlẹ̀, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n gbé e lọ sáàyè rẹ̀. Bí ó bá jí, màá gbé e wá bá yín." Bí wọ́n bá bínú, wọn ò ní bínú pẹ́. Bí ẹnì kan bá sì ti mutí, kò gbọdọ̀ gbé e sùn, ì báà jẹ́ bàbá rẹ̀.

Mo ti fi nẹ́ẹ̀tì ọmọdé kan rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́la, irú èyí tó ń ṣí bí agboorùn. Lọ gbà á ní gáréèjì Ìgbóǹnà kó tó di ọ̀sán. Bí o bá ti nà án sórí fóòmù, ya fọ́tò rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp, kí n rí igun tí o gbé e sí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.